Oògùn Tí Mo Dà Sí Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ní ọdún 1984, nígbà tí mo wá lo ìsinmi nílé ní Imasayi, mo wọ ilé àṣẹ̀ tí a ń kó àwọn igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ìdílé wa sí, mo sì rí i pé kòkòrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́búlẹ́bú igi ń dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ku èlùbọ́. Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní mùsíọ́mù, ilé tí ìjọba ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pamọ́ sí, mo sì rò pé mo gbọ́n ju gbogbo ará ilé lọ. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ní oko kòkó, mo gba oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lára kòkó, mo dà á sí igi náà nínú àti lóde, mo sì gbé e padà sí àyè rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo wọ ọkọ̀, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mi ò kọ ọ́ síbì kankan.

Nígbà tí ọdún dé, àbúrò mi kan ló gbé igi náà jó. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: orí ni igi ń gbé bí ẹni dé fìlà, aṣọ ni ó bo ojú, oòrùn ń mú, òógùn ń ṣàn. Kí ijó tó parí, orí ti ń fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ, ó ń bì. Awọ orí rẹ̀ wú, ó sì ń yún un fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn àgbà ní àwọn ìyá ló ń bínú. Wọ́n rúbọ, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ìyẹn ò burú. Èyí tó burú ni pé àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fojú burúkú wo arúgbó kan nínú agbo ilé, wọ́n ní òun ló mọ̀ nípa rẹ̀. Obìnrin tí kò mọwọ́, tí kò mẹsẹ̀! Ó tó oṣù mẹ́ta tí kò rí ẹni bá a jẹun, kí n tó wálé, kí n tó gbọ́, kí ara mi tó bù máṣọ, kí n tó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyálàṣẹ̀ pé, "Ìyá, èmi ni. Oògùn kòkó ni."

Ìyá àgbà náà wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ tí ìjọba ń sanwó fún pé kí o máa kọ̀wé nípa igi, ti ilé bàbá rẹ ni o kò rí kọ?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n lọ bẹ arúgbó náà, ó sì gbà, ṣùgbọ́n ojú àpá kì í jọ ojú ara. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ kan náà lóròòrò: kí ló dé tí ẹni tó bá tọ́jú nǹkan fi gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú náà sílẹ̀? Báwo ni àwọn tó ṣáájú wa ṣe ń ṣe é? Báwo ló sì ṣe yẹ kí á tò ó nísinsìnyí tí kọ̀ǹpútà ti dé? Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, àyè wà fún mi láti sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀.

Ìwé tó wà nínú orí àgbà

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn baba ńlá wa kò ní àkọsílẹ̀. Wọ́n ní, inú orí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, àti ní Kétu tí ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé ibẹ̀ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe igi lásán. Ó ní orúkọ. Ó ní ìdílé tó ni ín. Ó sábà máa ń ní èkejì, nítorí méjì méjì ni wọ́n máa ń jó. Bí o bá bi àgbà léèrè nípa ọ̀kan, yóò sọ fún ọ pé, "Ará Abẹ́òkúta ló gbẹ́ eléyìí, nígbà tí bàbá lágbájá ṣì wà láyé. Etí rẹ̀ ti ya rí, gbẹ́nàgbẹ́nà wa níhìn-ín ló bá wa kàn án. Ọdún tí eéṣú jẹ oko ni wọ́n kùn ún kẹ́yìn."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ẹni tó ṣe é wà níbẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó tún un ṣe wà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n kùn ún wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn mùsíọ́mù ńlá ayé ń wá káàkiri nìyẹn.

Kíkùn náà, ìtọ́jú ni. Bí ọdún bá ń bọ̀, wọn á tún ojú igi ṣe. Láyé àtijọ́, ẹfun ni wọ́n fi ń kùn ún ní funfun, osùn ni wọ́n fi ń kùn ún ní pupa, ẹ̀lú ni wọ́n fi ń kùn ún ní àwọ̀ aró. Nígbà tó yá, ọ̀dà inú agolo dé láti ṣọ́ọ̀bù. Àwọ̀ ń gun orí àwọ̀, ọdún ń gun orí ọdún. Ẹni tí kò mọ̀ lè pe gbogbo ìyẹn ní ìdọ̀tí, kí ó fi oògùn fọ̀ ọ́ kúrò títí yóò fi kan igi. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti pa ìtàn ogójì ọdún rẹ́ láàárín wákàtí kan, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò sì rò pé bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ nìyẹn.

Ọkùnrin kan tó mọ iyì irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1950 sí 1951 ó wà ní Meko, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa, ó sì fara balẹ̀ wo Duga, gbajúmọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú náà, lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó kọ nípa Duga jáde nínú ìwé ní 1973. Nítorí pé ó kọ orúkọ ọkùnrin náà, ìlú rẹ̀ àti ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́, Duga kò di "gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí a kò mọ̀" bíi ti ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà nínú gíláàsì lókè òkun.

Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ inú orí ní àléébù méjì. Èkíní ni pé bí àgbà bá lọ láìsọ ọ́ fún ẹnì kan, ó tán. Èkejì ni tèmi: bí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan bá dákẹ́, kò sí orí tó lè mọ̀ ọ́n.

Ogun àti májèlé

Ẹ má sì jẹ́ kí á rò pé àwọn òyìnbó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ọdún 1888 ni mùsíọ́mù ọba ní Berlin, nílẹ̀ Jámánì, gba Friedrich Rathgen, onímọ̀ nípa kẹ́mísírì, pé kí ó máa wá nǹkan ṣe sí ohun àtijọ́ tó ń bàjẹ́. Òun ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò mùsíọ́mù.

Ti Lọ́ńdọ̀nù, ogun ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, British Museum kó ọ̀pọ̀ ohun iyebíye lọ sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú irin lábẹ́ ilẹ̀, kí bọ́ǹbù má baà bà wọ́n. Nígbà tí ogun parí ní 1918 tí wọ́n kó wọn jáde, irin ti dípẹtà, iyọ̀ ti hù lára òkúta. Wọ́n sáré pe onímọ̀ kan, Alexander Scott, wọ́n sì dá yàrá àyẹ̀wò sílẹ̀ ní 1920. Ní 1924 Harold Plenderleith dara pọ̀ mọ́ wọn. Òun náà ló di olórí àkọ́kọ́ fún ICCROM, àjọ tó ń kọ́ gbogbo ayé ní ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Róòmù ní 1959. Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ náà fi lélẹ̀ kò ṣòro: kọ bí nǹkan ṣe rí kí o tó fọwọ́ kàn án, kọ ohun tí o ṣe sí i, kọ bó ṣe rí nígbà tí o ṣe tán.

Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ẹ̀kọ́, ọ̀tọ̀ ni ìṣe. Igi, awọ, ìyẹ́ àti aṣọ, oúnjẹ kòkòrò ni wọ́n. Ní ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, láti ayé àwọn baba baba wọn, arsenic ni wọ́n fi ń pa wọ́n lára, tàbí iyọ̀ mercury, wọ́n á sì kó káńfọ̀ sínú àpótí wọn. Lẹ́yìn tí Paul Müller rí i ní 1939 pé DDT ń pa kòkòrò, iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1948, DDT di oògùn gbogbo nǹkan. Wọ́n lè fọ́n ọn sí odindi yàrá kan. Ta ló wá fẹ́ jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹrù kọ̀ọ̀kan tó wà nínú yàrá náà? Ọ̀pọ̀ ni kò kọ. Arsenic kò sì dà bí ẹ̀fọ́ tó ń jẹrà. Ibi tí wọ́n fi í sí lọ́gọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ibẹ̀ ló ṣì wà.

Kí ni ìyẹn kàn wá? Ẹ gbọ́ ti àwọn ará Hopi ní Arizona. Ní 1990, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí àwọn mùsíọ́mù dá ohun mímọ́ padà fún àwọn ẹ̀yà tó ti wà lórí ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé. Inú àwọn Hopi dùn nígbà tí tiwọn ń bọ̀ wálé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ pé arsenic wà lára díẹ̀ nínú wọn. Ohun tí wọ́n kà sí alààyè, tí wọ́n fẹ́ gbé wọ̀ nínú ìsìn wọn, ó ti di májèlé! Ìlànà tó tẹ̀lé òfin náà wá sọ pé dandan ni kí mùsíọ́mù tó ń dá ẹrù padà sọ irú májèlé tí wọ́n ti lò sí i, bó bá mọ̀. "Bó bá mọ̀." Ẹ̀yin náà ẹ gbé ọ̀rọ̀ kúkurú yẹn wò. Mùsíọ́mù tí kò kọ nǹkan sílẹ̀, kí ni yóò mọ̀?

Nígbà tí mo ka ìtàn yẹn, àbúrò mi ni mo rí níwájú mi, pẹ̀lú igi lórí, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ láàárín ọjà.

Nílẹ̀ wa ńkọ́?

Nílẹ̀ Nàìjíríà, Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó dé síbí ní 1927, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń ké tantan pé ohun àtijọ́ ń lọ. Ní 1943 ìjọba fi í ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Mùsíọ́mù Ẹ̀sìẹ́ ṣí ní 1945, ti Jos tẹ̀lé e ní 1952. Òfin tó dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní 1953, wọ́n sì ṣí mùsíọ́mù Èkó ní 1957. Ní 1963, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNESCO, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Jos láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù Áfíríkà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ọdún 1979 ló wá dá àjọ tó ń ṣàkóso gbogbo mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀sìẹ́ fi hàn wá ohun tí àkọsílẹ̀ lè ṣe. Ère òkúta ìlú náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀pọ̀ ló sì ti fọ́. Phillips Stevens, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ lórí wọn láàárín 1960 sí 1970, ìwé tó kọ lórí wọn sì jáde ní Ìbàdàn ní 1978. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lónìí bóyá ère kan ti bàjẹ́ sí i, ó ní ohun tó lè fi wé e.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. N kò ní dárúkọ ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, nítorí ẹ̀bi náà kan èmi pàápàá. Nígbà tí mo débẹ̀, rẹ́jísítà ńlá kan wà tí a ń kọ orúkọ ẹrù sí bó bá ṣe ń wọlé. Àpótí káàdì wà lọ́tọ̀. Fọ́tò wà nínú fáìlì lọ́tọ̀. Ìtọ́jú wá ńkọ́? Bàbá tó ń ṣe ìtọ́jú ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀, ó ń kọ ọ́ bó ṣe yé e. Igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan ṣoṣo, mo rí i tó jẹ́ "Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Ẹ̀gbádò" nínú rẹ́jísítà, nítorí orúkọ tí wọ́n ń pè wá nìyẹn kí a tó di Yewa. Nínú káàdì ó jẹ́ "ohun àdéjó". Nínú ìwé bàbá, "igi olójú obìnrin, apá òsì" ló kọ. Apá òsì ibo? Apá òsì pẹpẹ ni! Nígbà tí wọ́n sì gbé pẹpẹ náà kúrò, apá òsì di apá ọ̀tún.

Bàbá fẹ̀yìntì. Ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí kan ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ tí a ṣí àpótí, ikán ti jẹ ẹ́. Ikán tí a ń lé lára igi, òun ló jẹ ìwé tí a fi kọ bí a ṣe lé e. Ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn náà ni mo wá fẹ́ sunkún.

Kọ̀ǹpútà kì í ronú fún ènìyàn

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn kan rò pé wàhálà ti tán. Wọ́n da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ́jísítà sínú rẹ̀ bó ṣe wà. Kíni ọ̀hún kàn di rúdurùdu tó ń yára ni. Bí ènìyàn kò bá ti to ọ̀rọ̀ kí ó tó wọlé, kọ̀ǹpútà kò ní bá a tò ó. Ohun tí mo kọ́ kí n tó fẹ̀yìntì nìyí, mo sì rí i pé ó bá ìlànà àwọn onímùsíọ́mù Bìrìtìkó mu, èyí tí wọ́n pè ní SPECTRUM, tó kọ́kọ́ jáde ní 1994, tó sì fi ìtọ́jú kún àwọn iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ máa kọ sílẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹrù kan, nọ́ńbà kan. Orúkọ lè yí padà, pẹpẹ lè yí padà, nọ́ńbà kò gbọdọ̀ yí. Nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ wà lára ẹrù, lára fọ́tò rẹ̀, lórí gbogbo ìwé tó bá kàn án. Òun ni okùn tó so wọ́n pọ̀.

Ìkejì, ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á ṣe àyè kan ṣoṣo fún "ìtọ́jú" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹrù. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ ní 1962, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá tún tọ́jú rẹ̀ ní 1990, wọ́n á pa ti 1962 rẹ́ kí ti 1990 lè rí àyè. Ẹ gbà mí o! Ṣé bí aláìsàn bá padà dé ilé ìwòsàn, wọ́n máa ń fa káàdì rẹ̀ àtijọ́ ya ni? Ẹrù kan lè ní ìtọ́jú mẹ́wàá; ojú ewé mẹ́wàá ni yóò ní, gbogbo wọn á sì so mọ́ nọ́ńbà kan náà.

Ìkẹta, ohun tó yẹ kó wà lójú ewé náà: ọjọ́ tí a ṣe é, ẹni tó ṣe é, bí ẹrù ṣe rí kí a tó bẹ̀rẹ̀, ìdí tí a fi fọwọ́ kàn án, ohun tí a lò gan-an àti bó ṣe pọ̀ tó, bí ẹrù ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀, àti ohun tí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. "A fi oògùn sí i" kò tó. Oògùn wo? Èmi tí mo da oògùn kòkó sí igi, bí wọ́n bá ní kí n sọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà, agolo ni ǹ bá júwe.

Ìkẹrin, ọ̀rọ̀ kan fún nǹkan kan. Bí ẹnì kan bá kọ "ikán", tí èkejì kọ "kòkòrò", tí ẹ̀kẹta kọ "ó ti jẹ", ẹni tó ń wá gbogbo igi tí kòkòrò jẹ kò ní rí wọn. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ jọ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa lò, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ìkarùn-ún, má ṣe pa èrò àtijọ́ rẹ́ nítorí tuntun dé. Ẹ rántí orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Orí Olókun, tí Leo Frobenius, ará Jámánì, rí ní 1910. Ní 1949, Leon Underwood àti William Fagg kọ ọ́ pé àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, pé àwòkọ ni, kì í ṣe ojúlówó. Ó lé ní 60 ọdún tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàtẹ ọnà Ifẹ̀ ní British Museum ní 2010, àwọn onímọ̀ rí àyè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tun, ohun tí wọ́n rí sì mú kí wọ́n sọ pé ó jọ pé ojúlówó ni. Ṣé kí á wá pa ti 1949 rẹ́? Rárá o. Nítorí pé wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀ ni àwọn tó tẹ̀lé wọn fi lè dá wọn lóhùn. Ẹni tó kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n lè bá a tún un ṣe. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìkẹfà, ẹ̀dà gbọ́dọ̀ ju ọ̀kan lọ, kí ọ̀kan sì wà lórí ìwé níbi tí ikán kò lè dé. Iná mànàmáná wa, ẹ mọ̀ ọ́n.

Bí a bá ti to gbogbo èyí, ọ̀nà tí a fi ń dán an wò rọrùn. A ó bi kọ̀ǹpútà pé: fi gbogbo ẹrù tí a ti lo DDT sí hàn mí. Bó bá fi hàn, àkójọ wa dára. Bí kò bá lè fi hàn, àwọ̀rán lásán la kó jọ.

Ẹrù ń bọ̀ wálé

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá o. Ní November 2021, Faransé dá ohun 26 padà fún orílẹ̀-èdè Benin, lára àwọn tí ọmọ ogun Ọ̀gágun Dodds kó ní Abomey ní 1892. Ère àwọn ọba wà nínú wọn, ìtẹ́ wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ààfin wà níbẹ̀, igi ni wọ́n. Àwa ará Yewa kò lè gbàgbé Abomey, nítorí ọmọ ogun ibẹ̀ ló ń jí àwọn èèyàn wa kó lẹ́rú, àwọn náà ló run Kétu ní 1886. Síbẹ̀ inú mi dùn fún wọn. Ohun ẹni ni ohun ẹni.

Ní 2022, Jámánì dá 20 lára idẹ Ìbíní padà fún Nàìjíríà. Ọdún yẹn ni àkójọ kan tí wọ́n pè ní Digital Benin jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fi ohun 5,246 láti Ìbíní hàn, láti inú mùsíọ́mù 131 ní orílẹ̀-èdè 20. Ẹ ò rí i pé bí nọ́ńbà àti orúkọ bá ti wà létòlétò, ohun tí ogun tú ká ní 1897 lè tún fojú kan ara wọn?

Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ń bọ̀. UNESCO ti kéde rẹ̀ ní 2001 pé ó wà lára ohun iyebíye gbogbo ayé, ó sì wọ ìwé wọn ní 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 pín Kétu àti Yewa sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò mọ ààlà. Igi rẹ̀ wà nínú mùsíọ́mù ilẹ̀ òkèèrè lọ́pọ̀. Bí wọ́n bá gbé wọn dé, a ó pe onílù, a ó pe obìnrin ilé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan á sì fẹ́ gbé e lé orí. Ẹ dákun, kí ó tó gbé e, kí àgbà kan dìde, kí ó bi àlejò pé: "Kí ni ẹ fi wò ó láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé? Ìwé rẹ̀ dà?" Bí kò bá sí ìwé, kí a gbé e jókòó, kí a yẹ́ ẹ sí, kí ẹnikẹ́ni má dé e títí àwọn onímọ̀ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwé Imasayi

Ní ti ilé wa, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ 1984, mo ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyálàṣẹ̀, mo ní kí ó jẹ́ kí á kọ ìtàn àwọn igi náà. Kò kọ́kọ́ fẹ́. Ó ní kì í ṣe gbogbo nǹkan ni wọ́n ń tú sójú ìwé. Mo gbà fún un. A fẹnu kò pé ohun tí awo ni, kí á fi sílẹ̀ fún awo. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá ṣe sí igi, òun ni kí á kọ. Mo rí i lẹ́yìn náà pé àwọn mùsíọ́mù pàápàá ti ń kọ́ irú ọgbọ́n yìí: wọ́n ń ti àwọn ojú ewé kan pa nínú kọ̀ǹpútà, kí ó jẹ́ ẹni tó ni nǹkan nìkan ni yóò rí wọn. Ìyá arúgbó ti sọ ọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́.

Ó jókòó, ó ń pe orúkọ igi, ó ń sọ ẹni tó gbẹ́ ẹ àti ẹni tó kùn ún, èmi ń kọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi ṣe é. A fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà kékeré sí inú igi kọ̀ọ̀kan, níbi tí ará ìta kò lè rí. Igi tí mo da oògùn sí, a kò sun ún, a kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e mọ́. Òmíràn ni wọ́n gbẹ́ dípò rẹ̀. Òun jókòó sí igun tirẹ̀, ojú ewé rẹ̀ sì wà nínú ìwé pé: "Ọdún 1984. Kòkòrò ń jẹ ẹ́. Mo da oògùn kòkó sí i nínú àti lóde láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣe ẹni tó gbé e ní jàǹbá. Kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dé e." Mo fi orúkọ mi sí ìsàlẹ̀.

Kí n tó pa ìwé náà dé, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ arúgbó tí wọ́n fojú burúkú wò, mo ka ojú ewé yẹn sí i létí, nítorí kò mọ̀wé. Ó dákẹ́ títí mo fi kà á tán. Ó wá ní kí n tún ibi tí mo ti kọ ọ́ pé kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀ kà. Mo tún un kà. Ó ní, "Ó dáa. Má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ohun ìdílé nílé, ẹ tètè ra ìwé kí ọdún tó dé.